Imú Tí Mo Ṣe fún Àbúrò Mi

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Bélú, ní ọdún kẹfà tí mo fẹ̀yìn tì kúrò nídìí iṣẹ́ olùkọ́, mo ṣe ike tí iná mànàmáná ń gbà kọjá. Yàrá ẹ̀yìn ilé mi ní Yàbá ni mo ti ṣe é, láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di aago kan ọ̀sán, pẹ̀lú ìgò mẹ́ta, ọ̀pá gíláàsì kan, àti ìdajì òkúta yìnyín tí àbúrò mi gbé wá nínú àpò. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba bẹ́ẹ̀ nítorí pé ẹni tó ṣe ohun tó yẹ ní mímọ̀ kò gbọdọ̀ máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ bí olè. Ohun tó tẹ̀lé e ni ó ń tì mí lójú. Òun náà ni n ó sọ.

Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ pé ike kì í gbé iná. Òun ni a fi ń bo wáyà, kí á lè dì í mú láìjẹ́ pé ó gbé wa ṣánlẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama bẹ́ẹ̀, tí mo sì ń fi ẹgba rán àwọn tó bá gbàgbé létí. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti rí oríṣi ike kan tó yapa, mo sì ti ń kà nípa rẹ̀ láti ìgbà tí ojú mi ṣì ń ríran láìlo awò. Pọ́límà ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀wọ̀n gígùn ni, tí ẹyọ kékeré kan so mọ́ òmíràn, tí ìyẹn náà tún so mọ́ òmíràn, bí ìlẹ̀kẹ̀ tí a sín. Bí a bá ti fún ẹ̀wọ̀n yìí ní áásíìdì mu, iná á máa sáré lórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ti ń fi irú rẹ̀ ṣe ojú fóònù tó ń tàn, àti ẹ̀rọ tó fẹ́lẹ́ tí a lè ká bí ìwé ìròyìn.

Èmi kò wá fóònù. Ohun tí mo rí nínú ìwé tó mú mi dìde lórí àga ni pé ọ̀kan nínú àwọn ike wọ̀nyí, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tútù, a máa bẹ̀rù amóníà. Bí amóníà bá fẹ́ lù ú, á fa áásíìdì náà kúrò lára rẹ̀. Àwọ̀ ewé á di àwọ̀ aró, ọ̀nà á sì dí mọ́ iná lẹ́nu. Mo ka gbólóhùn náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì rántí àbúrò mi.

Àbúrò mi ni ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo tó kù láyé. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ ní ilé iṣẹ́ yìnyín kan ní Mùṣín, lẹ́yìn ọgbà àwọn mẹ́káníìkì, níbi tí àwọn obìnrin ẹlẹ́ja Mákòkó ti ń wá ra yìnyín tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹja. Ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í lo irú gáàsì tó wà nínú fíríìjì ilé. Amóníà ló ń lò, ó ń gba inú páìpù tó nípọn bí itan kọjá, ìyẹn ló sì ń sọ omi di òkúta. Amóníà kì í ṣe ohun ọ̀sìn. Díẹ̀ rẹ̀ a máa ta ojú bí ata. Púpọ̀ rẹ̀ a máa bó inú àyà ènìyàn bí omi híhó ṣe ń bó adìẹ. Ohun kan péré ni Ọlọ́run fi ń kìlọ̀ rẹ̀ fún wa, ìyẹn ni òórùn rẹ̀, tí kò sí ẹni tó gbọ́ ọ tí kò ní sá.

Àbúrò mi kò gbọ́ òórùn mọ́. Bí a ṣe mọ̀ kò le. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, ó yà sí ilé mi bó ti máa ń ṣe, ó wọ ilé ìdáná lọ fúnra rẹ̀, ó sì jáde wá tó ń nu ẹnu.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti mọ ẹja dín o! Ta ló kọ́ yín?"

Mo ní, "Ẹja wo?"

"Èyí tó wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn."

"Ajá aládùúgbò ni mo gbé e sílẹ̀ dè. Ó ti rà láti ìjẹta."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní kí n bá òun bẹ ajá. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo lọ mú ìgò amóníà kékeré kan tí mo fi ń fọ gíláàsì wá, mo ṣí i, mo nà án sí i láti òkèèrè.

"Kí lo gbọ́?"

"Omi ni." Ó dúró díẹ̀, ó ń ṣẹ́jú. "Ojú mi ń ta mí, Ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n imú mi ní omi ni."

Ọgbọ̀n ọdún nídìí ẹ̀rọ yẹn ló jẹ imú rẹ̀ run díẹ̀díẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ọjọ́ tí ó kú. Mo ní kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó bi mí pé ta ni yóò gba ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta síṣẹ́ ní Èkó yìí. Ó ní ẹ̀rọ náà ti gbó, òun nìkan ló sì gbọ́ èdè rẹ̀. Nítorí náà mo pinnu pé bí kò bá ní fi iṣẹ́ sílẹ̀, èmi ni yóò ṣe imú mìíràn fún un.

Ó gbà mí tó oṣù mẹ́rin kí n tó kó ohun èlò jọ. Òróró tí a fi ń ṣe ike náà, àníláìnì, ni mo rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta kẹ́míkà ní Mùṣín. Òróró burúkú ni. Bí ó bá gba ara wọlé, ètè ènìyàn á dúdú bí ẹni tó jẹ àgbálùmọ̀ tí kò pọ́n, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àgbálùmọ̀. Mo wọ ìbọ̀wọ́ méjì lé ara wọn. Mo da òróró náà sínú áásíìdì, mo gbé ìgò náà ka àárín yìnyín, nítorí pé iṣẹ́ náà kò fẹ́ ooru rárá. Bí ó bá gbóná, ẹ̀wọ̀n á já wẹ́wẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé yìnyín tí àbúrò mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni mo fi ṣe ohun tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ó wù mí púpọ̀ nígbà náà pé ó rí bẹ́ẹ̀.

Mo ri ike pẹlẹbẹ méjì bọ inú ìgò náà, irú èyí tó mọ́ kedere tí a máa ń kọ nǹkan sí ní kíláàsì láyé ìjọhun kí iná lè tàn án sára ògiri. Mo wá ń kán omi iyọ̀ kan sí i, iyọ̀ kẹ́míkà tí ń so àwọn ẹyọ náà pọ̀ di ẹ̀wọ̀n. Fún ìgbà díẹ̀ kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Àbúrò mi jókòó sórí àpótí, ó ń wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀fọ́ lẹ ń sè ni?"

"Pa ẹnu mọ́."

"Ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i."

Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ni omi náà yí padà. Ó kọ́kọ́ di aró, lẹ́yìn náà ó jinlẹ̀, ó sì di àwọ̀ ewé tútù, àwọ̀ ìsàlẹ̀ igbó. Nígbà tí mo fa ike méjèèjì jáde tí mo ṣàn wọ́n, àwọ̀ náà ti lẹ̀ mọ́ wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èémí lára dígí. Mo gbé ẹnu wáyà ẹ̀rọ tí a fi ń wọn iná lé e, ọwọ́ ẹ̀rọ náà sì fò. Àwa àgbà méjì dìde dúró, a bọ ara wa lọ́wọ́.

Mo so ọ̀kan nínú àwọn ike náà mọ́ bátìrì àti agogo kékeré kan, lọ́nà tó jẹ́ pé níwọ̀n ìgbà tí iná bá ń rí ọ̀nà gbà lórí ike, agogo á dákẹ́. Bí ọ̀nà bá dí, agogo á ké. Èkejì rẹ̀, èjìrẹ́ rẹ̀, ni mo fi kọ́ sára ògiri yàrá ẹ̀yìn mi, lókè fèrèsé tó kọjú sí gọ́tà, kí n lè máa wo bí ọjọ́ ṣe ń lọ lára rẹ̀.

Oṣù Ọ̀pẹ ni mo gbé e lọ sí Mùṣín. Ọyẹ́ ti dé, eruku ti bo gbogbo orí pánù. Mo fi láílọ́ọ̀nù tuntun wé e, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń gbé ohun tó níyì ní ilé tiwa. Inú láílọ́ọ̀nù ni ìyá wa fi Bíbélì rẹ̀ sí títí ó fi lọ. Àga tí mo rà lọ́dún tí wọ́n fi mí ṣe igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ṣì wà nínú láílọ́ọ̀nù tó bá a wá, ẹni tó bá jókòó sórí rẹ̀ á máa dún bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Rímóòtù tẹlifíṣọ̀n mi wà nínú tirẹ̀, tí a fi rọ́bà dè. A kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kan ohun tí a bá fẹ́ràn.

Obìnrin tó ni ilé iṣẹ́ náà, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Oníyìnyín, kó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jọ sí ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ. Mo tú láílọ́ọ̀nù náà, mo gbé e sórí tábìlì. Mo kan imú náà mọ́ ògiri, ní ìwọ̀n apá kan sí ìdí àwọn fáàfù tí a fi ń ṣí gáàsì inú páìpù tí a sì fi ń tì í. Mo mú aṣọ tí mo fi amóníà rin sún mọ́ ọn. Kíá ló di aró, agogo sì ké, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Mo gbé aṣọ kúrò, mo fi èémí áásíìdì díẹ̀ yá a lára, ó padà di àwọ̀ ewé. Ìgbà náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Mo sọ fún wọn nípa ẹ̀wọ̀n àti ìlẹ̀kẹ̀. Mo sọ nípa bí àwọn èèyàn ilẹ̀ òkèèrè ṣe ṣèèṣì rí i. Mo sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀kan nínú wọn fi ara ti ògiri tó sùn lọ.

Nígbà tí mo parí, àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo la ṣe máa tọ́jú rẹ̀?"

Mo ti ń kó irinṣẹ́ mi sínú báàgì. Mo ní, "Ẹ má jẹ́ kí eruku bà á."

Gbogbo ohun tí mo sọ lórí ìyẹn nìyẹn. Ìdajì wákàtí lórí ẹ̀wọ̀n àti ìlẹ̀kẹ̀, gbólóhùn kan lórí ìtọ́jú. Mo sì fi láílọ́ọ̀nù mi sílẹ̀ lórí tábìlì.

Láti ìgbà náà, ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti jáde ní ìsìn, n ó bi í pé, "Báwo ni imú rẹ?"

Á ní, "Ó wà pa, Ẹ̀gbọ́n. Ó tutù bí ewé ọ̀dúndún. Kò tilẹ̀ yí padà rárá."

Inú mi a dùn. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ kọjá bẹ́ẹ̀, Èrèlé wọlé. Mo rí i pé ó ń wúkọ́, mo bi í, ó ní ọyẹ́ ni. Ojú rẹ̀ pọ́n, ó ní eruku ni. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan ó bá mi ṣàwàdà pé àwọn alángbá tó máa ń yáàrùn lára ògiri yàrá ẹ̀rọ ti kó lọ pátápátá, òun kò rí ẹyọ kan láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ní, "Bóyá wọ́n ti rí owó, wọ́n ti lọ gba ilé ní Lẹ́kí." A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo máa ń gbọ́ báyìí tí mo bá fẹ́ jẹun.

Ní gbogbo àsìkò yìí, èjìrẹ́ tó wà lára ògiri mi ń gbó. Etí rẹ̀ kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà aró fẹ́lẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí rìn wọ àárín rẹ̀ láti ìhà gọ́tà. Kò yà mí lẹ́nu. Gọ́tà Yàbá a máa mí amóníà díẹ̀ lóru àti lọ́sàn-án, ike yìí sì máa ń gbó bí ènìyàn ṣe ń gbó. Ohun tó yẹ kí ó yà mí lẹ́nu ni ti Mùṣín, tó wà nínú ilé amóníà gan-an, tí kò gbó. Kàkà kí ẹnu yà mí, mo ń yangàn. Mo sọ fún alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ti Mùṣín ló jáde dáadáa jù.

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ní oṣù Ẹrẹ́nà ni mo ń fá irùngbọ̀n níwájú dígí. Mo gbé ojú sókè, mo rí fọ́tò ìyàwó mi olóògbé tó wà lára ògiri lẹ́yìn mi nínú dígí, mo sì wo irun funfun tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rò ó láìronú pé nínú ẹbí, ẹni tí kì í hu ewú mọ́ ni ẹni tó ti kú. Abẹ náà dúró lọ́wọ́ mi. Mo lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo wo èjìrẹ́ tó ti di aró títí dé àárín, mo sì rántí ti Mùṣín tí kò gbó rárá. Mo pe àbúrò mi. Fóònù rẹ̀ dún títí ó fi dákẹ́. Mo tún un pè. Mo nu ọṣẹ kúrò lẹ́rẹ̀kẹ́, ìdajì irùngbọ̀n ṣì wà níbẹ̀, mo jáde lọ wọ kẹ̀kẹ́.

Ooru ọjọ́ náà kò ṣeé fẹnu sọ. Àwọn ẹlẹ́ja Mákòkó ti tò sí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ náà pẹ̀lú kúlà wọn, wọ́n ń dúró de yìnyín. Mo gbọ́ òórùn náà láti orí títì. Kò pọ̀. Ó kàn wà níbẹ̀ ni, bí ẹni tó ti jókòó tipẹ́ nínú yàrá tí a kò kí.

Ìyá Oníyìnyín ló kọ́kọ́ rí mi. "Bàbá Tíṣà! Ẹ kú àárọ̀ sà. Ṣé ẹ wá wo ọmọ yín tó wà lára ògiri ni?"

Mo ní, "Mo wá wò ó, Ìyá. Ẹ kò gbọ́ òórùn ni?"

"Ilé yìnyín wo ni kì í rùn?" Ó gbọ́wọ́ lé ìbàdí. "Lánàá yìí ni ẹlẹ́ja kan ní ojú ń ta òun níbí. Mo fà á lọ́wọ́ wọlé, mo ní wo ohun tí ọ̀mọ̀wé ṣe, bí gáàsì bá jò á di aró. Ṣé o rí aró? Ó ní òun kò rí aró. Mo ní ṣé o wá rí i?"

Ọ̀kan nínú àwọn tó tò síbẹ̀ ní, "Kì í ṣe gáàsì ló ń ta á lójú, Màmá. Ọkọ rẹ̀ ló mú ìyàwó tuntun wálé." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mo kọjá láàárín ẹ̀rín náà wọlé. Àbúrò mi wà nídìí ẹ̀rọ, ariwo rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó gbọ́ fóònù. Ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó nawọ́ sí ògiri kí n wò ó. Imú tí mo ṣe wà níbẹ̀ lóòótọ́, àwọ̀ ewé, ó ń dán. Ó wà nínú láílọ́ọ̀nù. Ìpele méjì ni ó wé e. Ó fi sẹ́lótéèpù tẹ gbogbo etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ láìku ibì kan tí abẹ́rẹ́ lè gbà, ó sì ṣẹ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí ẹni ń di ẹ̀bùn. Láílọ́ọ̀nù mi ni. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mo wé e, kò ní dára tó bẹ́ẹ̀.

"Ìgbà wo lo wé e?"

"Ọjọ́ kejì tí ẹ gbé e wá. Ẹ ní kí eruku má bà á." Ó ń wo ojú mi bí ọmọ tó ń retí kí a yìn ín. "Mo máa ń nù ún láràárọ̀, Ẹ̀gbọ́n."

Ike kan ni a fi dí ike kejì lẹ́nu. Èyí tí ń gbọ́ ń bẹ nínú ikùn èyí tí kò lè gbọ́. Mo fi èékánná ya sẹ́lótéèpù náà, mo bọ́ láílọ́ọ̀nù kúrò. Mo bẹ̀rẹ̀ sí ka Àdúrà Olúwa sínú. N kò tíì dé ibi oúnjẹ òòjọ́ tí etí ike náà fi ṣú, tí aró sì ya wọ àárín rẹ̀ bí omi tí ń ya wọ aṣọ. Agogo ké.

Àbúrò mi wo agogo náà bí ẹni tí odi bá sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀. Ó rọra bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tó ìgbà wo tó ti ń jò?"

Mo ní, "N kò mọ̀." Ìdáhùn kan ṣoṣo tí mo ní fún un nìyẹn, lẹ́yìn gbogbo ìwé tí mo kà.

Ìyá Oníyìnyín ti sáré dé ẹnu ọ̀nà. "Ẹ pa agogo yẹn! Omi tó wà nínú kòtò kò tíì dì, àwọn ènìyàn ń dúró!"

Mo yíjú sí i, mo sì lo ohùn tí mo fi ń darí ìpéjọ àárọ̀ fún ọdún mẹ́rìndínlógójì. "Gbogbo yín, ẹ jáde! Ẹ jáde sí títì! Ẹ lọ sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀!" Ohùn náà ṣì ṣiṣẹ́. Wọ́n jáde, òun náà jáde. Mo di ọwọ́ àbúrò mi mú. Kò tẹ̀lé mi.

Ó ní, "Bí mo bá fi í sílẹ̀ tó bá bú, àti àwa àti àwọn mẹ́káníìkì ni. Fáàfù méjì péré ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Jẹ́ kí a pe panápaná."

"Ọ̀la ni wọ́n máa dé." Ó ri táwẹ́lì bọ omi, ó fi bo ẹnu. "Ẹ máa lọ, ẹ di imú yín mú. Èmi ò ní èyí tí mo máa dì."

Mo lọ. Mo kọ èyí náà sílẹ̀: mo lọ. Láti orí títì ni mo ti gbọ́ tí ohùn ẹ̀rọ yẹn rọ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ti pa fáàfù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan fọn bí ejò ńlá. Ìpẹtà ti jẹ ìdí fáàfù kejì tán nínú. Bó ti fọwọ́ kàn án ló tú. Kùrukùru funfun kan jáde láti ojú fèrèsé, kò gòkè, ilẹ̀ ló ń fà lọ, ó sì kọ́kọ́ gba ara ògiri tí àwọn alángbá ti máa ń yáàrùn. Inú kùrukùru náà ni agogo mi wà, tó ń ké, tó ń ké. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín mọ́ lórí títì.

Ọwọ́ àti orúnkún ni àbúrò mi fi rá jáde. Ó ti pa fáàfù náà kí ó tó jáde. A kò mọ èyí títí di ọjọ́ kejì. Àwọn obìnrin Mákòkó ni wọ́n gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Wọn kò dúró bi ẹnikẹ́ni; wọ́n ṣí kúlà wọn, wọ́n ń da omi yìnyín àná, omi tó ń rùn bí ẹja, lé e lójú, lé e lẹ́nu, lé e láyà, kúlà kan lẹ́yìn òmíràn, títí ọkọ̀ fi dé tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lò níbẹ̀. Ó wà láàyè. Kò lè gun àtẹ̀gùn méjì mọ́ láìdúró, ohùn rẹ̀ kò sì padà ju bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ògiri lọ. Òun tí ohùn rẹ̀ máa ń ga ju ti gbogbo ẹgbẹ́ akọrin lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nísinsìnyí ó máa ń ṣí ẹnu ni.

Ìyá Oníyìnyín wá kí i, ó bá mi lẹ́bàá ibùsùn. Mo ti múra sílẹ̀ de èébú. Kò bú mi. Ó kàn jókòó, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀, ó ní, "Bàbá Tíṣà, bí kì í bá ṣe ti nǹkan yẹn ni, à bá ti gba imú tiwa gbọ́."

Kò sí ìwé tó kọ́ mi ní gbólóhùn tó wúwo tó ìyẹn. Mo ṣe ìṣọ́ fún ẹnì kan tí imú rẹ̀ ti kú, mo sì fi pa imú ogún ènìyàn tó wà láàyè.

Mo fẹ́ jó ìwé àkọsílẹ̀ mi. Mo ti mú un dé ìdí kòtò ìdáná ìdọ̀tí nígbà tí àbúrò mi, tó wá gba atẹ́gùn ní ilé mi, gbé ọwọ́ sókè láti orí àga. Mo ní láti tẹ etí sí ẹnu rẹ̀ kí n tó gbọ́. Ó ní, "Ẹ má jó o. Ó ké, Ẹ̀gbọ́n. Nígbà tí ẹ ṣí i lójú, ó ké."

Àbúrò mi bí ọmọbìnrin kan, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí kẹ́mísìrì ní Yàbá níbí. Dádì Yàbá ló ń pè mí, ó sì le ju bàbá rẹ̀ lọ. Òun ló wá bá mi, ó ní kí n gbé ìwé náà kalẹ̀, ó sì bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí ní Mùṣín, tí èmi fúnra mi kò sì bi ara mi. "Dádì Yàbá, kí ni kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ sí i?"

Ó kọ ohun tí mo sọ sí ojú ìwé àkọ́kọ́, lókè gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀wọ̀n àti ìlẹ̀kẹ̀ mi. Má bò ó. Lẹ́yìn náà ó fi tirẹ̀ kún un: ní gbogbo àárọ̀, kí a tó tan ẹ̀rọ, kí a fi aṣọ olómi amóníà pa á lẹ́kún, èyí tí kò bá sunkún láàárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá a wọlé. Ó ní òun yóò lọ wo ilé yìnyín mìíràn ní Ìgànmú kí òun tó gbà láti tẹ̀ síwájú.

Ó padà ní ìrọ̀lẹ́, ó jókòó sórí àga mi tó ń dún. Mo bi í pé báwo ni ibẹ̀ ṣe rí.

"Wọ́n ní agogo tó ń kìlọ̀ èéfín, Dádì. Ó wà lókè àjà, ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti rà á." Ó wo ojú mi. "Láílọ́ọ̀nù tó bá a wá ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀gá wọn ní àwọn ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa."

Mo dìde. Mo kó ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀pá gíláàsì, ìwé àkọsílẹ̀ àti èjìrẹ́ tó ti di aró tán lé e lọ́wọ́. Nígbà tó lọ, mo mú ọ̀bẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí ya láílọ́ọ̀nù kúrò lára àga náà. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Ògún ni, ní ọdún keje tí mo fẹ̀yìn tì.